Ṣílè Méjìlá àti Lẹ́tà Kan

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rò pé owó tí a fi ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà ní búkà ni mò ń wí o. Owó tí kò ṣeé ná mọ́ ni: ṣílè àtijọ́, èyí tí wọ́n fi fàdákà rọ, tí àwọn ìyá àgbà wa máa ń dì sí etí aṣọ. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà nílé yín, nínú agolo mílíìkì tàbí nísàlẹ̀ àpótí àgbà kan. Bí ẹ bá tiẹ̀ mú un lọ́wọ́ rí, orí ọba lẹ máa kọ́kọ́ wò, ẹ ó wo ọdún, ẹ ó sì dá a padà síbi tó wà. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kékeré kan lè wà lára rẹ̀ tí kò tó èso ẹ̀fọ́. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló yọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin nínú ẹ̀sùn olè. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe ń wo lẹ́tà náà, torí kò sẹ́ni tó mọ ilé tí ọ̀rọ̀ tún máa kàn.

Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi, kú ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn tó ti dàgbà, tó ti darúgbó. Ọmọ mẹ́rin ló gbẹ̀yìn rẹ̀: Àǹtí Àgbà tó jẹ́ àkọ́bí, Bàbá Èkó, bàbá tèmi, àti àbígbẹ̀yìn wọn tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Àgbà ló tọ́jú ìyá wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Òun náà ló mú agolo kan jáde lẹ́yìn ìsìnkú. Ṣílè méjìlá ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n dì sínú àkísà àdìrẹ. Gbogbo rẹ̀ ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ní ìyá tó bí ìyá àgbà wa ló ni ín níbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà a máa ta èkùrọ́ fún àwọn kọ̀ǹpìnnì òyìnbó láyé Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì ń fi díẹ̀ díẹ̀ pamọ́.

Bàbá Èkó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú un lọ sí Èkó láti mọ iye tó tó. Ó gbé e fún ọkùnrin kan tó ń ra wúrà àti fàdákà àlòkù. Ọkùnrin náà da nǹkan olómi kan sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí gbogbo rẹ̀ fi dán. Ìgbà náà ni mẹ́jọ jáde ní funfun, mẹ́rin sì jáde ní pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó gbé mẹ́jọ sórí ìwọ̀n, ó ní òun á san owó rẹ̀ ní gíráàmù kọ̀ọ̀kan, òun á sì yọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ ti mẹ́rin yòókù sẹ́yìn. Ó ní ayédèrú ni.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá Èkó kó ṣílè náà padà wálé, ó dúró láàrin pálọ̀, ó ní, "Méjìlá ni fàdákà Màámi. Mo fojú ara mi rí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ta ló wá pààrọ̀ mẹ́rin?" Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò kúkú sí orúkọ tó kù láti dá: ẹnìkan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Àǹtí Àgbà kò fèsì. Ó dìde, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá Èkó bá pè é lórí fóònù, á kàn máa dún ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni bàbá mi pè mí. Ó ní, "Ìwọ tó ò ń kàwé, bá wa wo nǹkan yìí." Ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ń rán ọmọ yunifásítì nílé. Bí tẹlifíṣàn bá bàjẹ́, ìwọ ni. Bí fọ́ọ̀mù báǹkì bá le, ìwọ ni. Wọn kì í bi ọ́ léèrè pé kí lò ń kọ́ gan-an. Ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń kọ́, àmọ́ mo kó ṣílè méjìlá wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì nínú ìbọ̀sẹ̀, mo ti í mọ́nú àpótí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa owó.

Ohun tí mo rí kà nìyí. Kí ọdún 1913 tó dé, owó fàdákà tí wọ́n ń ná nílùú ọba gan-an ni wọ́n ń kó wá sí ilẹ̀ wa. Ní 1912, ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, West African Currency Board, pé kó máa ṣètò owó fún ilẹ̀ tó di Nàìjíríà, fún Gold Coast tó di Gánà, fún Sierra Leone àti Gambia. Láti 1913 ni owó fàdákà ìgbìmọ̀ náà ti ń jáde: ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́. Ní ojú kan ṣílè, Ọba George Karùn-ún wà níbẹ̀ tòun tadé. Ní ojú kejì, igi ọ̀pẹ ni wọ́n yà síbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rọ ọ́, àti BRITISH WEST AFRICA, àti ONE SHILLING. Nínú ìpín 1,000, fàdákà kó 925, bàbà kó ìyókù. Bí ṣílè kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 5.65.

Igi ọ̀pẹ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá ìyá àgbà wa ń pa èkùrọ́ tó wá lára ọ̀pẹ, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, wọ́n sì ń fi àwòrán ọ̀pẹ san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ owó, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ilé ìrọwó. Ilé ìrọwó ìjọba wà ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Àwọn kì í fi lẹ́tà kankan sára ṣílè yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ a máa pọ̀ jù fún wọn, wọn a sì gbé díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Birmingham. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Heaton ni ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1850, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ Soho Mint ní gbàǹjo, ilé ìrọwó tí Matthew Boulton dá sílẹ̀, ó ra ẹ̀rọ níbẹ̀, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó. Lẹ́tà H ni àmì wọn, láti orúkọ Heaton. Ní 1889, ilé iṣẹ́ náà yí orúkọ padà sí The Mint, Birmingham, ṣùgbọ́n H kò kúrò lára owó. Ó dà bí ilé tí wọ́n ṣì ń pè ní ilé bàbá lágbájá lẹ́yìn tí bàbá náà ti lọ sọ́run tipẹ́. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ títí di 2003 kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn.

Nítorí náà, ṣílè méjì lè jọra bí ìbejì, ọdún kan náà, ọba kan náà, ọ̀pẹ kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, kí èkejì sì jẹ́ ọmọ Birmingham. Ojú tí ọ̀pẹ wà ni kí ẹ wò, nítòsí ìdí igi náà. Bí ẹ bá rí H, Heaton ni. Bí kò bá sí lẹ́tà, Lọ́ńdọ̀nù ni, bí kò bá jẹ́ pé lẹ́tà náà ti jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà míì tàn yín. Ara ọ̀pọ̀ owó Ọba George Karùn-ún ni B.M. máa ń wà, lẹ́bàá àyà ọba. Orúkọ Bertram Mackennal tó gbẹ́ àwòrán náà nìyẹn, kò kan ilé ìrọwó.

Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ti to ọdún àti lẹ́tà sínú ìwé. Nínú ṣílè fàdákà yìí, 1913 àti 1914 wà ní oríṣi méjì, èyí tó ní H àti èyí tí kò ní. Láti 1915 títí dé 1918, H nìkan ló wà. Ogun ni wọ́n ń jà nígbà náà, Birmingham ló ń rọ tiwa. 1919 tún padà di oríṣi méjì. Èyí ló jẹ́ kí ìwé náà wúlò fún mi: bí ẹnìkan bá gbé ṣílè 1917 tí kò ní lẹ́tà kankan wá, ó yẹ kí ẹ fura. Yálà lẹ́tà ti jẹ, tàbí ẹnìkan ti há a kúrò, tàbí kí wọ́n ti dà á sínú mọ́ọ̀dù níbi tí ilé ìrọwó kò mọ̀.

Mo ra awò kékeré kan tó ń mú nǹkan tóbi, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi sójú. Ọkọ̀ọ̀kan ni mo mú ṣílè wa lábẹ́ iná. Mẹ́jọ tó funfun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: 1913, kò ní lẹ́tà. 1913 míì, H. 1914, H. 1916, kò ní lẹ́tà. 1917, H. 1918, H. 1919, kò ní lẹ́tà. 1919 míì, H.

Ẹ̀yin tó ń fọkàn bá mi lọ ti rí i. 1916 tí kò ní lẹ́tà! Àyà mi já díẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́jọ tó funfun bá tún lọ di ayédèrú, ta ló máa gba Àǹtí Àgbà là? Mo gbé e sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, tí ìtànṣán rẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo fi ṣílè náà lélẹ̀ pẹrẹsẹ, mo wá ń yí i díẹ̀ díẹ̀. Iná tó wà lókè orí kì í fi nǹkan tó ti jẹ hàn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣẹ́ òjìji síbi tó bá yọ sókè, bó ti wù kó kéré tó. Mo rí òpó kan tó dúró gbọọrọ, mo rí ìlàjì òpó kejì, àti ìlà tín-ín-rín kan láàrin. H ni. Ọwọ́ àwọn olówó ti pa á rẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ọkùnrin Èkó náà sì ti fẹ́ parí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá rí owó fàdákà àtijọ́, ẹ má fi eérú fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. Dúdú tó wà lára rẹ̀ kò pa á lára. Ohun tí ẹ bá fọ̀ kúrò níbẹ̀ kò ní padà wá mọ́, àwọn tó sì ń kó owó jọ kì í fẹ́ràn èyí tí wọ́n ti fọ̀.

Mo wá kan àwọn mẹ́rin tó pupa. Mo gbé àkọ́kọ́ sábẹ́ awò. 1920 ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí mo rí kì í ṣe H. Lẹ́tà méjì ni: KN. Mo gbé èkejì. 1920, KN. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀.

KN ni àmì King's Norton Metal Company, ilé iṣẹ́ míì ní Birmingham níbẹ̀. Ọdún 1920 gan-an ni gbogbo nǹkan yí padà. Lẹ́yìn ogun, fàdákà gbówó lórí gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ìwọ̀n áúnsì kan ti kọjá kọ́bọ̀ 80 owó ìgbà yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fàdákà tó wà lára ṣílè kan ti ju ṣílè kan lọ. Ta ló máa wá ná an? Ṣebí ẹni tó bá gbọ́n á yọ́ ọ ni. Nílùú ọba, wọ́n dín fàdákà inú owó wọn kù láti 925 sí 500 nínú 1,000 lọ́dún náà. Tiwa kò ní fàdákà kankan mọ́ rárá: idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́, ìyẹn bàbà àti síńkì, tí wọ́n fi tíìnì díẹ̀ sí. Orí ọba kò yí padà. Igi ọ̀pẹ kò yí padà. ONE SHILLING ló ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ wa kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á, torí wọ́n mọ fàdákà lójú, ṣùgbọ́n ìjọba ní ṣílè ni, kò sì sí òmíì.

Nínú ìwé tí mo yẹ̀ wò, kò sí ṣílè fàdákà kankan tó ní KN. Láti 1920 ni KN ti bẹ̀rẹ̀ lára ṣílè, idẹ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ṣílè mẹ́rin yẹn pupa torí pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ayédèrú kọ́. Ọkùnrin Èkó mọ fàdákà, àmọ́ ìwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára owó.

Mo mọ̀ pé Bàbá Èkó kò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́tà nìkan. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ Kẹ́mísírì, ó mú mi wọ láàbù wọn lọ́jọ́ tí kò sí kíláàsì. Ohun tó ṣe kò le rárá, ẹ lè ṣe é níbikíbi tí ìwọ̀n tó dáa bá wà. Ó gbé ife omi kan sórí ìwọ̀n, ó dá ìwọ̀n náà padà sí òdo. Ó fi okùn tín-ín-rín so ṣílè mẹ́jọ tó funfun pọ̀, ó fi í rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Iye tí ìwọ̀n bá kọ nígbà náà ni ìwọ̀n omi tí ṣílè náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́jọ náà wúwo tó gíráàmù 44.2 lórí ilẹ̀, omi tí wọ́n tì jẹ́ 4.3. Bí ẹ bá fi èkejì pín àkọ́kọ́, ó lé díẹ̀ ní 10. Fàdákà irú tiwọn yẹ kó súnmọ́ 10.3. Mẹ́rin tó pupa jẹ́ 22.3, omi wọn 2.6. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 8.6, idẹ gan-an nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ará Arts náà mọ ìwọ̀n?" Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i.

Kí n tó lọ bá àwọn àgbà, mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Àgbà nìkan. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé àárín èrò ló ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá ní, "Ọmọ mi, ṣé Màámi máa ń pe owó ní funfun tàbí pupa ni? Gbogbo rẹ̀ dúdú nínú agolo. Ṣílè ni ṣílè. Ogún rẹ̀ ló ń jẹ́ pọ́ùn kan." Ó dákẹ́. Ó tún ní, "Mo fi ọwọ́ mi wẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ṣílè mẹ́rin ni wọ́n wá ń bi mí."

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, mo kàn jókòó tì í ni.

Ọjọ́ Sátidé kan la pàdé. Bàbá mi ló pe ìpàdé náà. Mo to ṣílè méjìlá sórí tábìlì, funfun lápá kan, pupa lápá kejì, mo fi awò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣàlàyé láti 1912. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ìdí ọ̀pẹ yìí." Bàbá Èkó gbé awò sójú. Ó pẹ́ kó tó rí i, torí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó ka a síta fúnra rẹ̀: "K… N."

Ó gbé awò sílẹ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mo ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ní, "Ṣé lẹ́tà yìí sọ ẹni tó fi í sínú agolo?"

Mo ní, "Rárá, sà. Lẹ́tà kò lè sọ ìyẹn."

Inú yàrá pa rọ́rọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó wù yín pé kí n ti dáhùn lọ́nà míì. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà lè sọ ilé tí wọ́n ti rọ owó, ó lè sọ bóyá ọdún àti àwọ̀ rẹ̀ bára mu. Kò lè jẹ́rìí nípa ọwọ́ tó gbà kọjá. Mo wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Àwọ̀ kan náà náà ni gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí Àǹtí gbé agolo jáde. Dúdú ni. Fàdákà máa ń dúdú, idẹ náà máa ń dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́ l'Ékòó ni wọ́n tó yàtọ̀. Ohun tí ẹ rí lọ́mọdé kò parọ́, ohun tí Àǹtí sì kó fún yín kò parọ́."

Màmá Ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ jí fàdákà, ṣé ó máa wá ṣílè 1920 mẹ́rin lọ ni, kó tó jí i? Níbo ni wọ́n ti ń tà á? Á kàn kó mẹ́rin ni, á fi mẹ́jọ sílẹ̀. Ta ló mọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá ń tajà ló mọ bí olè ṣe ń ronú.

Èmi náà ní èrò tèmi, mo sì sọ ọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọdún kan náà, lẹ́tà kan náà, wọ́n sì jẹ dé ìwọ̀n kan náà. Ó jọ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n gbà á, láti inú àpò owó tuntun kan tó ti báǹkì dé ọwọ́ kọ̀ǹpìnnì èkùrọ́. Ọdún 1918 wà nínú àwọn tó funfun. Ọdún tí ìjọba gbé owó orí ka àwọn Ẹ̀gbá lórí nìyẹn, tí Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Obìnrin tó la irú ìgbà yẹn kọjá, tí ọkàn rẹ̀ ṣì balẹ̀ débi pé ó ń fi ṣílè pamọ́, kò ní wá torí àwọ̀ da mẹ́rin nù.

Bàbá mi wá dá àbá. Méjìlá ni ṣílè, mẹ́rin ni ọmọ. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú funfun méjì, pupa kan. Kò ní sí ẹni tó gba tìyà ju ẹnìkejì lọ, kò sì ní sí ẹni tó máa yọ́ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Bàbá Èkó mú tirẹ̀, ó yí ọ̀kan tó pupa lọ́wọ́ títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Àǹtí Àgbà, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." A gbọ́ ohùn Àǹtí láti inú: "Mo ti gbọ́. Dìde, ilẹ̀ tutù."

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan ti padà bó ṣe wà. Bí Bàbá Èkó bá pè é báyìí, á ṣì jẹ́ kó dún dáadáa kó tó gbé e. Ṣùgbọ́n ó ń gbé e.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ṣílè náà ju gíráàmù 5.65 lọ. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ bẹ àwọn àgbà kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo ohun tó wà nínú agolo. Ẹ di ẹ̀gbẹ́ owó náà mú, ẹ má fi ìka tẹ ojú rẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ wo ọdún, ẹ wo àwọ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo ìdí ọ̀pẹ dáadáa. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Bí wọ́n bá sì ti ń pe ẹnìkan ní olè nílé yín nítorí nǹkan tí kò jọ ara wọn, ẹ ní kí wọ́n mú sùúrù dìgbà tí ẹ bá kà á tán.

Bàbá mi ti kó ìpín tirẹ̀ fún mi pé kí n máa tọ́jú rẹ̀: 1916 tí H rẹ̀ ń sá pamọ́, 1919 tí kò ní lẹ́tà, àti 1920 pupa kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá bá mi ní yàrá. Awò wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín.